Ojú Àṣàkẹ́ Tí Kò Gbẹ

Àwọn ọmọ ọmọ mi méjì ló fà á tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan fẹ́ kọ́ṣẹ́ fótò, èkejì ní kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ máa fi yàwòrán, ni wọ́n bá wá jókòó tì mí nílé wa ní Pópó Yemọja, wọ́n ní kí n sọ èyí tó dára jù fáwọn. Mo ní ta ni mí tí n óò fi mọ̀? Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi, iṣẹ́ náà sì ti kú ṣáájú mi. Mo fi ọ̀dà olóróró ya ojú ènìyàn fún bí ogójì ọdún. Bí ẹ bá ti wọ pálọ̀ àwọn àgbà n'Íbàdàn rí, tí ẹ rí baba kan nínú férémù tó ń wò yín bíi pé ẹ gbàgbé láti kí i, ó lè jẹ́ ọwọ́ mi ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò kọ́, n kò ní tàn yín. Iṣẹ́ yìí fún mi lóúnjẹ, ó fún mi níyàwó, ó sì fún mi ní ohun kan tí mo ń gbé kiri láyà láti ìgbà tí òmìnira kò tíì dé. Ohun tí mo ń gbé láyà yẹn ni n óò sọ. Owó inú iṣẹ́ náà kò tó ohun tí à ń pìtàn lé lórí.

Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń rán fìlà, gbogbo ẹ̀gbọ́n mi ń rán fìlà, èmi Rájí nìkan ni mo ń fi èédú ya ojú àwọn aládùúgbò sára ògiri. Ẹni tí mo bá yà máa ń dá ara rẹ̀ mọ̀, ìyẹn ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ áfáà wa. Áfáà ní ẹni tó bá ń ya ojú ẹ̀dá, lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ wọn óò kó gbogbo ohun tó yà síwájú rẹ̀, wọn óò ní kó fẹ́ ẹ̀mí sí wọn, kò sì ní lè fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù bà mí, mo fi kànrìnkàn fọ ògiri náà mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ kẹta mo ti tún mú èédú. Ìyá mi ló bẹ bàbá mi títí tó fi gbà kí n lọ kọ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n títí bàbá mi fi kú, kò fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù mi rí.

Ọ̀gá tí wọ́n mú mi lọ bá ń jẹ́ Jòsáyà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ilé rẹ̀ wà ní Òkè Bọ́lá. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ l'Ékòó, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ baba arúgbó kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Sàró dé. Baba yẹn ti kọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó láyé ìgbà tí fótò ṣì jẹ́ ohun ìyanu. Ohun tí mo bá lọ́wọ́ ọ̀gá, iṣẹ́ ayé àwọn bàbá ńlá wa ni, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Bí o bá ní kí ló dé tí a kò fi lè ṣe é báyìí kó yá, yóò wò ọ́ látòkè délẹ̀, yóò ní, "Ṣé ìwọ gbọ́n ju àwọn tó ti kú lọ ni?"

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó lọ sí Bẹẹrẹ. Fèrèsé ńlá kan ṣoṣo ló ní, ó kọjú sí àríwá. Ọ̀gá ní oòrùn kì í gba ibẹ̀ wọlé tààrà, ojú ènìyàn kì í sì í purọ́ nínú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo pé ọdún kan gbáko níbẹ̀ kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan aṣọ tí à ń yàwòrán sí. Fífọ̀ ni mo ń fọ̀ wọ́n. Ọṣẹ dúdú ni n óò fi máa bọ́ wọn ní àtẹ́lẹwọ́ títí ìfófòó rẹ̀ yóò fi funfun, ọ̀gá yóò wá mú un, yóò fi ra ètè ara rẹ̀. Bó bá gún un, n óò tún un fọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ télọ̀ ti ń rán ṣòkòtò, èmi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ọ̀dà. Ọ̀dà wa kò ti inú agolo wá nígbà yẹn. Ẹbu ni, a ó dà á sórí ọlọ, a ó bu òróró sí i, a ó sì máa lọ̀ ọ́ títí kò fi ní kùn mọ́.

Kí ẹ mọ̀ pé òróró yẹn kì í ṣe òróró ọbẹ̀ o. Linsíìdì ni wọ́n ń pè é, ìlú òyìnbó ló ti ń wá nínú ìgò, a sì máa ń rà á ní Dùgbẹ̀. Ohun tó ń ṣe tí òróró mìíràn kò lè ṣe ni pé ó máa ń gbẹ. Kì í gbẹ kíákíá, ṣùgbọ́n bó bá gbẹ, ó gbẹ títí ayé nìyẹn, kànrìnkàn kò ní í ràn án.

Nígbà tí ọ̀gá wá gbà kí n ya ojú, mo ya baba kan tó kọ àbàjà. Mo po ọ̀dà dúdú, mo fa ilà náà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ó gún régé, inú mi dùn. Ọ̀gá wò ó. Ó mú ọ̀bẹ wá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kí n sì lọ jókòó ní Ọjà'ba, kí n máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn àgbà. Mo jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ dọ̀sán. Ìyàwó baba kan ń bi mí pé kí ni mo ń wò lójú ọkọ òun, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù mí. Nígbà tí mo padà, ọ̀gá ní kí ni mo rí. Mo ní mo rí ilà. Ó ní kí n padà lọ. Ọjọ́ kẹta ni ojú mi tó là. Ilà kì í ṣe ohun tí a fà sójú, kòtò ni. Etí kan rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀, etí kejì wà lábẹ́ òjìji. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́, ó sì kó gbogbo ọ̀dà dúdú inú ṣọ́ọ̀bù pa mọ́. Ó ní láti òní lọ, kò sí dúdú nínú awọ ènìyàn dúdú. Pupa ló wà níbẹ̀, àti àwọ̀ aró, àti àwọ̀ ìyeyè lábẹ́lẹ̀, ìwọ ni kí o wá wọn rí. Mo fi odindi ọdún kan wá wọn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó kọ́kọ́ fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ nìkan ya ẹni náà látòkè délẹ̀, kò ní ẹ̀jẹ̀ lára, kò ní ìmọ́lẹ̀ lójú. Òkú ni àwọn tó kọ́ ọ̀gá níṣẹ́ ń pe ìyẹn. A ó fi í sílẹ̀ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà la ó wá fi àwọ̀ ara kùn ún, a ó tún dúró, a ó wá fi ọ̀dà tó fẹ́lẹ́ bí omi bò ó. Búrọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ kọjá lójú kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní bí o bá ti fà á lẹ́ẹ̀kan tó dára, gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú ló jẹ́ pé ayàwòrán ló pa wọ́n nípa àtúnṣe.

Òfin méjì wà tí kì í fi ṣeré. Èkínní, àwòrán kan kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àfi tí òun bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó sì rí i pé ó gbẹ, bí ìyá ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Èkejì, bó bá jẹ́ fótò la fẹ́ wò ya ènìyàn, pàápàá ẹni tó ti kú, a gbọ́dọ̀ lọ bá ẹni tó bí i tàbí ẹni tó bá a tan, ká jókòó tì í, ká wo ojú rẹ̀ títí. Ó ní fótò ò mọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú ayé ènìyàn. Mo gbọ́ òfin méjèèjì yìí títí etí mi fi di sí wọn.

Ọdún karùn-ún ni Ìyá Àṣàkẹ́ wọlé. Aláró ni, ní Ọ̀rányàn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti di aró dé ìgbọ̀nwọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Àṣàkẹ́ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ibà mú un, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tó fi kú. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Fótò kan ṣoṣo ló ya láyé rẹ̀, èyí tí wọ́n ní kó fi sára fọ́ọ̀mù ilé ìwé, kò sì tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ìyá rẹ̀ dì í sínú aṣọ funfun, ó tú u fún wa.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé e wá gan-an ni ojú ara rẹ̀. Ojú ọ̀tún ti lọ, tòsì náà ń lọ. Dókítà ti sọ fún un pé kò ní pẹ́ kò ní jìnnà. Ó ní òun kò rí fótò náà mọ́, bí òun bá gbé e súnmọ́ ojú, funfun àti dúdú lásán lòun ń rí. Ó fẹ́ kí a ya ọmọ òun tóbi, kó tóbi bí ojú ènìyàn gan-an, kí òun lè rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú bá òun. Ọ̀gá ní oṣù mẹ́ta ni yóò gbà. Ìyá náà ní bóyá òun ní oṣù mẹ́ta.

Ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya òkú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé. Ó rán mi sí Ọ̀rányàn pé kí n lọ jókòó ti ìyá náà, kí n wo ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí èmi ni yóò fún ní àwọ̀ ara Àṣàkẹ́ ṣe, kí n fi gba òmìnira. Mo lọ. Òórùn aró kún àgbàlá wọn, àwọn obìnrin ń sunkún, n kò lè jókòó. Mo kí wọn, mo kúrò. Nígbà tí ọ̀gá bi mí bóyá mo wò ó, mo ní mo wò ó.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni àyà dun ọ̀gá. Wọ́n gbé e lọ ọsibítù, wọ́n gbé e bọ̀ wálé, wọ́n ní kó má dìde. Èmi nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìyá Àṣàkẹ́ ń gun òkè náà wá, ó ń fi ọwọ́ tọ́ ògiri, kì í bi mí ju ìbéèrè kan lọ: "Ó ti di ojú?" N óò ní kò ní pẹ́. Lójú mi ni ìrìn rẹ̀ ń yí padà, nígbà tó yá, ọmọdé kan ló fà á lọ́wọ́ wá.

Linsíìdì wá tán. Mo lọ sí Dùgbẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ kò tíì dé, ó lè di oṣù tó ń bọ̀. Mo dúró lójú títì, mo ro ti ìyá yẹn. Mo ro tara mi náà, kí n má parọ́, pé bí ọ̀gá bá dìde tó bá a pé mo ti parí rẹ̀, á mọ̀ pé mo ti di ọkùnrin. Ni mo bá gba Ọjà'ba, mo ra ìgò òróró ẹ̀pà kan.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà ì bá mọ̀. Òróró tí a fi ń dín àkàrà, ta ló rí ọjọ́ tó gbẹ rí? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi í lọ ọ̀dà, ó kúnná ju ti linsíìdì lọ, búrọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ lórí aṣọ wọ̀ọ̀rọ̀, n kò fa ojú kan lẹ́ẹ̀mejì. Pupa tí mo fi ọdún kan wá, ó jáde lẹ́rẹ̀kẹ́ Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀. Mo fi ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kékeré sínú ẹyinjú rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo sì bú sẹ́kún, torí n kò ya irú rẹ̀ rí. Òróró ta sí fótò náà níbi tí mo ti ń lọ ọ̀dà. Ìwé rẹ̀ mu ún, ojú ọmọ náà sì parẹ́ mọ́ ọn lára. Mo fi fótò náà sábẹ́ àpótí, mo ní àwòrán ńlá ti dé, kí ni a tún fẹ́ fi fótò ṣe.

Mo gbé àwòrán náà sá sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbé e lọ, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án gẹ́gẹ́ bí òfin. Ẹ gbọ́ ibi tí mo ti fọwọ́ kàn án. Igun ìsàlẹ̀ ni, níbi àwọ̀ ewé tí ọ̀gá fi linsíìdì yà. Ó gbẹ táútáú. N kò fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mọ ìdí tí n kò fi fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Mo rù ú gba Bẹ́yẹrúnkà lọ sí Ọ̀rányàn. Wọ́n gbé àga fún ìyá náà síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo gbé àwòrán náà lé e lẹ́sẹ̀, mo dì í mú. Ó tẹ orí sí i, ó gbé ojú òsì rẹ̀ súnmọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó pẹ́. Ó wá pe orúkọ ọmọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń ki ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó rí i. Mo búra fún yín pé ó rí i. Nígbà tó ki oríkì náà débì kan, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì ń pa á lára bí gbogbo ìyá ṣe ń ṣe.

Ó dá ọwọ́ dúró.

"Kí ló dé tí ojú rẹ̀ tutù?" ó bi mí. "Àbí ó ń sunkún?"

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ wá sójú. Gbogbo àwọ̀ ara Àṣàkẹ́ ló wà lórí aró ọwọ́ ìyá rẹ̀, ohun tó kù lórí aṣọ jẹ́ òkú tí ọ̀gá yà, kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní ẹyinjú. Àwọn obìnrin àgbàlá náà figbe ta. Òun kò pariwo. Ó ní kí wọ́n bu omi wá, ó tún ní kí wọ́n má bù ú mọ́, ó fi ọwọ́ náà lé itan bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń rẹ aró, n kò tíì ta aṣọ tí aró rẹ̀ kò mú fún ẹnikẹ́ni rí." Ohun tó sọ fún mi kò ju ìyẹn lọ.

Mo ru àwòrán náà lọ sí Òkè Bọ́lá tààrà, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ibùsùn ọ̀gá, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti òróró, ti fótò, ti igun ìsàlẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹgba. Ọ̀gá wo àwòrán náà, ó wò mí.

"N kò ní nà ọ́," ó ní. "Ìyá yẹn ti nà ọ́ tán."

Ó ní kí n mú tapentáìnì wá, kí n nu gbogbo ohun tí mo kùn kúrò. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ṣí, ó wà lábẹ́ bó ṣe fi í sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e ti ògiri níwájú òun, kí n sì máa wá ṣe é níbẹ̀. Orí ibùsùn ló ti kọ́ mi ní èyí tó kù nínú iṣẹ́ náà, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. Yóò ní kí n dúró. Yóò ní kí n gbé ọwọ́. Linsíìdì ti dé nígbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi mí bóyá mo ti padà lọ wo ojú ìyá náà. Mo ní ojú ń tì mí láti dé ibẹ̀. Ó fẹ́ sọ nǹkan, ikọ́ gbà á lẹ́nu. Ó kú kí ètè Àṣàkẹ́ tó gbẹ. N kò ní olùkọ́ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì wá òmíràn.

Oṣù mẹ́ta pé tí mo ti tún un bẹ̀rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo kan iwájú orí, mo kan ètè. Ó gbẹ. Nígbà tí mo dé Ọ̀rányàn, Ìyá Àṣàkẹ́ jókòó síbi àga ọjọ́sí, ojú rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀, kò wo ibì kankan. Ó ti tó oṣù kan tí ìmọ́lẹ̀ ti lọ pátápátá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ orúkọ mi, mo ní mo gbé e dé.

"Ó ti gbẹ?"

"Ó ti gbẹ, ìyá. Mo ti fọwọ́ kàn án níbi gbogbo. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó na ọwọ́. Ọwọ́ náà kù díẹ̀ kó débẹ̀, ó fà á padà, ó fi méjèèjì há abẹ́ ìró. Ó ní, "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ nu ọmọ mi nù lẹ́ẹ̀kejì."

Ó ní kí n sọ bó ṣe rí fún òun. Mo sọ ti gèlè, mo sọ ti yẹtí, mo sọ ti pupa abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń mi orí. Ó wá bi mí pé, "Èjí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o fi í sí i?"

Nínú fótò, Àṣàkẹ́ panu dé, n kò mọ̀ pé ó ní èjí. Èmi náà yà á bẹ́ẹ̀, torí ohun tí fótò sọ nìyẹn. Mo wo àwòrán náà, mo wo ìyá náà.

Mo ní, "Mo fi sí i, ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù wa, n kò rí i kó rẹ́rìn-ín rí. Àlàfo náà wà láàárín eyín iwájú rẹ̀, ó mọ́lẹ̀, ó dára, èjí kan náà gan-an. Láti ọjọ́ yìí wá ni ohun tí ọ̀gá rán mi lọ wò ti wà níbẹ̀. Àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Mo ya ọ̀pọ̀ ojú lẹ́yìn ìyẹn. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Bẹẹrẹ, mo dojú fèrèsé rẹ̀ kọ àríwá, mo ya àwọn olóyè, mo ya àlùfáà, mo ya àwọn alájàpá ọlọ́lá. Kò sí ẹni tó kú tí n kò lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ odindi ọ̀sán kan. Mo máa ń sọ nǹkan tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kí n lè rí eyín wọn. Wọ́n rò pé aláwàdà ni mí. Ọ̀dà inú túùbù dé, a kò lọ ọ̀dà mọ́, ọlọ ọ̀gá di ohun tí ìyàwó mi ń fi ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà àwọn onífótò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ fótò tóbi, wọ́n ń fi àwọ̀ kùn ún, ó ń gbẹ kí o tó san owó rẹ̀ tán. Àwọn oníbàárà mi ní kí ni wọ́n fẹ́ fi oṣù mẹ́ta ṣe. Mo ní ẹ lọ, ẹ lọ, kò sí ìjà. Ọjọ́ tí odindi ọdún kan kọjá tí ẹnikẹ́ni kò wọlé, mo fọ búrọ́ọ̀ṣì mi, mo fi ra ètè wò, mo kó wọn pa mọ́.

Ìyá Àṣàkẹ́ pẹ́ láyé kó tó lọ. Nígbà tó kú, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àwòrán náà wá fún mi, ó ní ìyá ní tí òun bá ti lọ, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó yà á. Mo bi í bóyá ìyá fọwọ́ kàn án rí. Ó ní rárá, ọjọ́ kan ṣoṣo kò sí. Ó ní bí àlejò bá wọlé, ìyá á ní kí wọ́n wo èjí ọmọ òun. Àwọn àlejò náà á wò ó, wọ́n á ní àwọn rí i.

Pálọ̀ mi níbí ló wà, ẹ lè wá wò ó. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti mú búrọ́ọ̀ṣì pé kí n là á lẹ́nu díẹ̀, ọwọ́ mi kò gbé e. Ojú tèmi náà ti ń ṣú báyìí. Ní àràárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ti gbẹ láti àádọ́ta ọdún ó lé. Iṣẹ́ tó wù yín ni kí ẹ kọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀gá yín bá rán yín lọ wò, ẹ lọ wò ó.

Bó bá jẹ́ òótọ́ ni áfáà sọ, tí wọ́n bá kó gbogbo ojú tí mo yà síwájú mi lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ tí wọ́n ní kí n fẹ́ ẹ̀mí sí wọn, mo mọ̀ pé n kò ní lè fẹ́ ẹ. N óò bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi fẹ́ ẹ sí ẹyọ kan péré, kó lanu, kí ìyá rẹ̀ lè rí i.